Olè Tí Kò Já Ilẹ̀kùn

Àwọn àgbà ní ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ti olóhun. Nígbà tí wọ́n dá òwe yìí, olè tí wọ́n ní lọ́kàn jẹ́ ẹni tí ó gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ilé onílé. Ó ní láti fo ògiri, ó ní láti já ilẹ̀kùn, ó sì ní láti bẹ̀rù ajá àti ọmọ kékeré tí oorun kò tíì gbé lọ. Ìyá tí ó bí ìyá mi ta ẹ̀kọ títí ọjọ́ ogbó fi dé sí i, inú tòbí rẹ̀ ni gbogbo owó rẹ̀ sì ń gbé. Ẹni tí yóò bá jí owó náà, àfi kí ó kọ́kọ́ gbé Màmá fúnra wọn. Ní tiwa lónìí, ẹ̀yin abiyamọ ẹlẹgbẹ́ mi, owó ti jáde kúrò nínú tòbí, ó ti di òǹkà inú ẹ̀rọ. Káàdì pẹlẹbẹ kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ àti nọ́ńbà mẹ́rin tí a há sórí ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Olè tí ń wá owó náà lè wà ní Ajah, ó lè wà ní òkè òkun. Kò kàn án bóyá ilé wa ní ajá tàbí kò ní.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ohun tí ojú mi rí àti ohun tí ojú àwọn obìnrin àdúgbò mi rí lórí ọ̀rọ̀ káàdì báńkì yìí, láti Lekki títí dé Sangotedo. N kò sọ ọ́ láti dẹ́rù bà yín. Mo sọ ọ́ nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé bá mi, owó tí ó lọ kọ́ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ilé mi ká. Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí nǹkan náà ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, báńkì kan tí ń jẹ́ Bank of America kó káàdì bíi 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn béèrè fún un. Kò pẹ́ tí àwọn oníjìbìtì fi rí ọ̀nà láti fi káàdì ẹni ẹlẹ́ni ra ọjà. Nítorí náà, bí a bá sọ pé káàdì àti jìbìtì káàdì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, a kò purọ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 1967, báńkì Barclays ṣí ẹ̀rọ tí ń pọ owó ní Enfield ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀gbẹ́ni John Shepherd-Barron, tí ó wà nídìí ẹ̀rọ náà, ròyìn pé nọ́ńbà mẹ́fà ni òun kọ́kọ́ fẹ́ kí ènìyàn máa há sórí, ṣùgbọ́n ìyàwó òun, Caroline, sọ fún òun pé mẹ́rin ni òun lè rántí. Bí nọ́ńbà àṣírí ṣe di mẹ́rin nìyẹn. Ẹ ò rí i pé obìnrin ilé kan ni ó ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀!

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dé Nàìjíríà ní ọdún 1989. Ní ọdún 2012, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa yan Ìpínlẹ̀ Èkó láti fi bẹ̀rẹ̀ ètò tí yóò dín owó bébà kù lọ́wọ́ ará ìlú. Ní ọdún 2014, wọ́n dá nọ́ńbà BVN sílẹ̀, tí ó jẹ́ 11, kí báńkì lè dá oníbàárà kọ̀ọ̀kan mọ̀. Lẹ́yìn èyí, fóònù kékeré tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá di báńkì: kí ènìyàn tẹ nọ́ńbà oníràwọ̀, owó a sì fò láti ọwọ́ ẹnì kan dé ọwọ́ ẹlòmíràn. Ohun ìrọ̀rùn ni. Abiyamọ tí ọmọ ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀ kò ní láti tò sórí ìlà ní báńkì mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá rọ ẹni tí ó ni ín lọ́rùn, ó rọ olè lọ́rùn pẹ̀lú.

Aránṣọ ni mí, ní òpópónà kan tí ó yà lára ọ̀nà Addo ní Ajah. Àwa obìnrin 12 ní àdúgbò náà ń dá èsúsú, 20,000 náírà lóṣooṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, èmi ni wọ́n sì fi ṣe olùpamọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, gbogbo owó oṣù náà ti pé sọ́wọ́ mi: 240,000 náírà. Ó wà nínú àkáǹtì mi pẹ̀lú 38,000 tí ó jẹ́ tèmi. Ìyá ìbejì kan ni ó kàn láti kó o, owó ilé rẹ̀ ni ó sì fẹ́ fi san.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù náà, mo ń bọ̀ láti Jakande nínú dáńfó, àbíkẹ́yìn mi sì wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ mọ bí ó ti máa ń rí ní àkókò bẹ́ẹ̀. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ni a bá dé abẹ́ afárá Ajah. Ọmọ náà ń tòògbé, ọwọ́ mi méjèèjì sì wà lára rẹ̀ kí orí rẹ̀ má baà gbá irin. Ọwọ́ kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó fa báàgì mi já lápá, ó sì bá àárín àwọn ọkọ̀ lọ. Gbogbo wa pariwo, kọ̀ńdọ́ bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú kò rí i mọ́. Fóònù mi, káàdì báńkì mi àti 4,000 náírà ni ó wà nínú báàgì náà.

Mo dé ilé ní nǹkan bí agogo mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo gba fóònù ọkọ mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. N kò ní dárúkọ báńkì náà. Ohùn kan tí a ti gbà sílẹ̀ ni ó ń dá mi lóhùn. Yóò kí mi káàbọ̀, yóò ní kí n tẹ ọ̀kan, kí n tẹ èjì, yóò sì fi orin dá mi lára yá títí owó ìpè yóò fi tán. A ra káàdì ìpè lẹ́ẹ̀mẹta. Títí di agogo mọ́kànlá, kò sí ọmọ ènìyàn kan tí ó bá mi sọ̀rọ̀.

Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì, èmi ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún. Ọmọbìnrin tí ó jókòó síbẹ̀ tẹ ìwé àkáǹtì mi jáde, ó wò ó, ó sì yí i sí ọ̀dọ̀ mi láìsọ̀rọ̀. Ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 47 ní alẹ́, 100,000 náírà ti jáde. Ní ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ́yìn agogo méjìlá òru, 100,000 náírà mìíràn ti tẹ̀lé e. Ohun tí ó kù jẹ́ 78,000.

Ẹ lè máa béèrè ìdí tí ó fi jẹ́ 100,000 lẹ́ẹ̀mejì, tí olè fi dúró di ọ̀gànjọ́. Ní ọdún 2018, Báńkì Àpapọ̀ ti pàṣẹ pé owó tí ènìyàn kan lè fi nọ́ńbà oníràwọ̀ fi ránṣẹ́ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 100,000 lọ, àfi bí ó bá fọwọ́ sí ìwé pé òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Òfin náà dára, nítorí òun ni ó dá ìyókù owó wa sí. Ṣùgbọ́n olè mọ òfin ju olóhun lọ. Ó mọ̀ pé bí aago bá ti lu méjìlá òru, ọjọ́ mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ó jẹ́ kí ọjọ́ kan parí, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti ọjọ́ kejì lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí mo padà sílé tí mo sọ iye tí ó lọ, ọkọ mi jókòó. Ó bi mí pé, “Ta ni o sọ nọ́ńbà àṣírí rẹ fún?”

Mo ní, “Kò sí ẹni tí mo sọ ọ́ fún.”

Ó tún un bi. Mo tún un wí. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ní, “Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà kò lè kó owó. Ẹnì kan mọ̀ ọ́n. Rò ó dáadáa.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, “Ẹ̀yin gan-an tí ẹ jẹ́ ọkọ mi, ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ta ni n bá wá sọ ọ́ fún?” Ṣé ẹ rí i pé iná ni mo da epo sí. Èwo ni nínú wa ni ó wá ń bínú nítorí olè? Ohun tí ó kù tí a ń jà lé lórí di pé kí ló dé tí òun kò fi mọ nọ́ńbà ìyàwó òun. A sùn láì kí ara wa. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n ní àìtètè mólè, olè mólóko.

Ní ọjọ́ kejì, ọkọ mi gba àyè níbi iṣẹ́, ó sì bá mi lọ sí báńkì. Ọ̀gá kan tí ó jẹ́ obìnrin pè wá sínú yàrá rẹ̀, ó sì là á yé wa bí iṣẹ́ náà ti rí. Àwọn olè yọ síìmù mi kúrò nínú fóònù tí a tì pa, wọ́n fi sínú fóònù tiwọn. Wọ́n tẹ nọ́ńbà oníràwọ̀ báńkì náà bí ẹni pé èmi ni, wọ́n ní àwọn ti gbàgbé nọ́ńbà àṣírí. Ẹ̀rọ sì béèrè díẹ̀ nínú àwọn nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí iwájú káàdì, káàdì sì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kà á láti ojú rẹ̀, wọ́n yan nọ́ńbà àṣírí tuntun, owó sì ṣí. Ìyá náà wo ọkọ mi, ó ní, “Alàgbà, wọn kò nílò nọ́ńbà ti ìyàwó yín rárá. Ṣe ni wọ́n yan tiwọn.”

Nígbà tí a ń bọ̀ wálé, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Abraham Adesanya kí ọkọ mi tó la ẹnu. Ó ní, “Má bínú. N kò rí olè. Ìwọ ni mo rí, ìdí nìyẹn tí mo fi dojú ọ̀rọ̀ kọ ọ́.” Mo ti ronú lórí gbólóhùn yẹn ju bí mo ti ronú lórí owó náà lọ. Ohun tí ó burú jù nínú olè tí a kò rí ni pé ìbínú ń wá ẹni tí yóò bà lé, ẹni tí ó sì sún mọ́ni jù lọ ni ó máa ń bà lé. Iye ìyàwó tí a ti fi ẹ̀sùn kàn pé ó kó owó fún ìyá rẹ̀, iye ọmọ ọ̀dọ̀ tí a ti lù, iye ìyá ọkọ tí a ti fura sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé náà!

Ìpàdé èsúsú wa ni ó kù. Mo mú ìwé báńkì náà dání, mo sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn sọ ọ́ sí mi lójú pé ta ni ó mọ̀ bóyá èmi àti olè náà jọ mọ ara wa. N kò dá a lóhùn, nítorí owó rẹ̀ ni ó ń dùn ún. Àgbà inú wa, tí ó ń ta ẹja ní ọjà Ajah, ni ó gba ìwé náà tí ó ní kí ọmọ òun kà á fún òun láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ agogo tí owó jáde, ó ní, “Ẹni tí ó fẹ́ jẹ owó èsúsú kò ní dìde ní òru láti jẹ ẹ́. Ọ̀sán ni yóò jẹ ẹ́, yóò sì kó lọ sí ìlú mìíràn.” Ìyá ìbejì fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkọ mi fi 100,000 sílẹ̀ nínú owó tí ó ń kó jọ, mo fi 62,000 tí mo rí nídìí aṣọ Kérésìmesì kún un, a sì fi ìyókù tí ó wà ní báńkì pé e. Ìyá ìbejì san owó ilé rẹ̀.

Ní ti báńkì, mo gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá, mo ṣe ìwé ìbúra ní ilé ẹjọ́, mo sì kọ lẹ́tà ẹ̀sùn tí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà rẹ̀ fún mi. Wọ́n tọpa owó náà dé àkáǹtì kan ní báńkì mìíràn, wọ́n sì rí 60,000 níbẹ̀ tí wọn kò tíì ná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje, ó padà sọ́wọ́ mi. 140,000 ìyókù lọ ní àlọ rámirámi.

Láti ìgbà náà ni àwọn obìnrin ti ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láti sọ tiwọn, bí ẹni pé mo ti di alágbàsọ. Òpìtàn kan ní ẹ̀rọ ATM ni ó gba káàdì mọ́ ìyá àgbà kan lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó múra dáadáa tí ó tò sẹ́yìn rẹ̀ ní òun yóò ràn án lọ́wọ́. Ó bá a tẹ̀ ẹ́, ó ní owó kò sí nínú ẹ̀rọ, ó sì dá káàdì padà fún un. Káàdì aláwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára rẹ̀. Ti Màmá ti lọ pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà, nọ́ńbà àṣírí tí Màmá tẹ̀ lójú rẹ̀ sì wà ní orí rẹ̀.

Òmíràn sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó náírà tí owó bébà sì wọ́n bí ojú. Ẹ kò gbàgbé bí a ti ń tò lábẹ́ agboòrùn àwọn oní-POS, tí a ń fi owó ra owó. Lásìkò náà ni ẹnì kan pè é lórí fóònù, tí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé láti báńkì ni òun ti ń pè, pé wọn yóò ti káàdì rẹ̀ pa bí kò bá ka nọ́ńbà tí yóò wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún òun. Nọ́ńbà tí ń wọlé yẹn ni ilẹ̀kùn tí ó gbẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá ti ní òǹkà iwájú káàdì, ọjọ́ tí káàdì yóò kú àti nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn rẹ̀, òun nìkan ni ó kù tí ó nílò láti fi ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọjà, ẹ fetí sí èyí pẹ̀lú. Oníbàárà kan yan aṣọ tí mo ti rán tán ní 45,000 náírà, ó tẹ fóònù rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé òun ti fi owó ránṣẹ́. Alẹ́ẹ̀tì wọlé sórí fóònù mi lóòótọ́, pẹ̀lú orúkọ báńkì mi. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ jókòó, mo wo inú àkáǹtì fúnra rẹ̀, kò sí owó níbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni ó ṣe ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó gbé ojú sókè, ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ìfura ni oògùn àgbà. Ojú àkáǹtì ni kí ẹ gbàgbọ́, ẹ má ṣe gba ojú fóònù oníbàárà gbọ́.

Kì í ṣe pé ìjọba káwọ́ gbera. Òfin tí ó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ ayélujára ti wà láti ọdún 2015, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àjọ EFCC ya wọ ilé kan ní Victoria Island, wọ́n sì kó afurasí 792 lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn àjèjì láti ilẹ̀ òkèèrè sì wà nínú wọn. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti òwò èké gba owó lọ́wọ́ àwọn ènìyàn òkè òkun. Ẹ ro ó wò: ilé kan ṣoṣo, ènìyàn 792! Jìbìtì ti di iṣẹ́ tí a ń jí lọ láàárọ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀mùgọ̀ ni wọ́n ń lù ní jìbìtì. Ẹni tí ó fi ìtanràn ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹni tí ó ń gbọ́ ọ nígbà àkọ́kọ́ lọ.

Kí wá ni a lè ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ ní kí wọ́n bá yín ti síìmù yín pa fúnra rẹ̀, kì í ṣe fóònù nìkan. Síìmù ní nọ́ńbà ìdè tirẹ̀. Bí olè bá yọ ọ́ sínú fóònù mìíràn, yóò béèrè nọ́ńbà náà, bí ó bá sì ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù yóò di mọ́ ọn lọ́wọ́. Owó tí kò ju kọ́bọ̀ kan lọ kò ní ná yín, kódà ọ̀fẹ́ ni. Èkejì, ọ̀pọ̀ báńkì ní nọ́ńbà oníràwọ̀ tí a lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹlòmíràn láti fi ti àkáǹtì pa. Ẹ béèrè ti báńkì yín lónìí, kí ẹ sì kọ ọ́ sórí bébà tí ẹ ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Inú fóònù kọ́ ni kí ẹ kọ ọ́ sí, nítorí fóònù ni olè ń gbé. Ẹ̀kẹta, ẹ ya owó ìnáwó ojoojúmọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó tí ó nípọn. Owó èsúsú wa ti wà nínú àkáǹtì tí kò ní káàdì, tí nọ́ńbà oníràwọ̀ kò sì kàn. Ìwé àti ìbuwọ́lù obìnrin méjì ni ó ń ṣí i.

Ẹ̀kẹrin, bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà lẹ́tà tí báńkì fọwọ́ sí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn kò yanjú rẹ̀, ẹ̀ka kan wà ní Báńkì Àpapọ̀ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu a máa fò lọ, lẹ́tà a máa dúró.

Ní ti pé ṣé kí tọkọtaya mọ nọ́ńbà àṣírí ara wọn, ilé kò jọ ilé. Ní tiwa, a fẹnu kò pé kálukú yóò pa tirẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì yóò mọ báńkì tí ẹnì kejì ń lò, nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ àti bí a ti ń tì í pa. Bí ẹ bá sì yàn láti sọ ọ́ fún ara yín, kò burú. Kí ó jẹ́ ohun tí ẹ jọ yàn nígbà tí inú yín dùn, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí a fi ìbínú béèrè ní ọ̀gànjọ́.

Ohun kan tí ó ran olè lọ́wọ́ ju gbogbo èyí lọ ni ìtìjú. Mo mọ ìyá kan ní Badore tí wọ́n kó owó rẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tí kò sọ fún ọkọ rẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé, nítorí ó ń bẹ̀rù ìbéèrè. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta náà ni owó ń jáde díẹ̀díẹ̀. Àwa obìnrin èsúsú wa ti fi òfin tuntun kan kún ti àtẹ̀yìnwá. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wa, ní wákàtí kan náà ni yóò ké sí àwọn yòókù, a ó sì gbé fóònù láti bá a ti gbogbo ohun tí ó yẹ kí a tì. Títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ bi í pé báwo ló ṣe ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ti lò ó láti ìgbà tí a ti fi lélẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kí olè tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ parí, a ti tì í síta.